Báàgì Búlúù Tí A Rán Ní Ìyànà Ìbà

Halifax, Kánádà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2025

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìsinmi, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé ooru ń mú ní Okokomáìkò báyìí. Yìnyín ni tiwa níbí. Ṣé ara yín le? Orúnkún yín ńkọ́? Tọ́lá ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n kí yín. Ọmọ inú mi náà ń kí yín, ó ti ń ta mí nípàá láti ìjẹta.

Orí ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, nítorí ẹ ti sọ pé ẹ kì í gba ọ̀rọ̀ pàtàkì lórí fóònù, pé ohùn máa ń sáré ju làákàyè lọ. N óò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lará ayálégbé yín kí ó fi hàn yín. Tí àmì ohùn bá sọnù níbì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bírò pupa dá a padà fún mi bíi ti èṣí. Ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Màámi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi béèrè àìsàn tó wà nínú ẹbí mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Ìyá rẹ, ṣé wẹ́rẹ́ ló bí ọ àbí iṣẹ́ abẹ ni? Mo ní n kò mọ̀. Ibi méjìlá ló kọ “kò mọ̀” sí lórí ìwé náà. Mo ka ìwé yẹn nínú bọ́ọ̀sì, mo sì sunkún títí mo fi délé.

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá lẹ ti sọ fún mi pé ilé ìtọ́jú ọmọ ní Ìbà lẹ ti gbà mí tọ́, nígbà tí n kò tíì pé oṣù méjì. Ẹ kò fi pamọ́ fún mi, mo sì ń dúpẹ́. N kò wá ìyá mìíràn. Èyí tí mo ní tó mi, ó tilẹ̀ máa ń pọ̀ jù nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni tó bí mi kí èmi náà tó bímọ ní ìparí oṣù Kẹfà. Mo ti fi itọ́ mi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi í wá ẹbí kiri. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n rí fún mi, bàbá àgbàlagbà kan ní Brazil tí kò gbọ́ èdè wa. A máa ń fi àwòrán òdòdó kí ara wa láàárọ̀.

Mo tún lá àlá yẹn. Mo dùbúlẹ̀ sí ibì kan tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ búlúù, bí ẹni pé oòrùn ń gba inú aṣọ kọjá. Nǹkan kan ń kù kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, jẹ́jẹ́, kò dá dúró. Obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń pe orúkọ kan tí kì í ṣe orúkọ mi, mo sì ń dáhùn. Tí mo bá jí, orúkọ náà á ti lọ.

Báàgì búlúù tí mo fi wọ JSS1 ni mo ń kó aṣọ ọmọ sí. Orúkọ mi ṣì wà lára rẹ̀, òwú kan kò tú. Ẹ bá mi wá ẹni tó bí mi, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyìnolúwa


Okokomáìkò, Èkó
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2025

Ìyìn ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àṣìṣe mẹ́rìnlá ni mo rí nínú rẹ̀, n kò fi bírò kan ìkankan. Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Kí Tọ́lá, sọ fún un pé kó má jẹ́ kí o gbé omi. Orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí, kò sàn, kò sì burú sí i.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá tutọ́ sílẹ̀, ìyá mi á ní ká fi ẹsẹ̀ nù ún kí ẹnikẹ́ni má baà rí i mú. Ìwọ di tìrẹ sínú ìgò, o fi sí póòsì. Ó dáa. Ayé ti yí.

Mo ṣí àpótí mi. Ìwé ilé ẹjọ́ tí wọ́n fi fà ọ́ lé mi lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ìyá, Rùkáyàt Owólabí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ará Ọ̀jọ́. Níbi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà, wọ́n fa ìlà síbẹ̀. Ilé ìtọ́jú náà ti kógbá wọlé láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, gbọ̀ngàn ìnáwó ló wà níbẹ̀ báyìí. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n kó ìwé wọn lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Lará lọ sí Ọ̀jọ́. A ya ilé àwọn onílé àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi dé etí omi. Ẹrẹ̀ wọ bàtà mi. Kò sí ẹni tó mọ Rùkáyàt Owólabí. Bàbá kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ní, “Rùkáyàt kan ló wà nílé wa o, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ṣé òun lẹ ń wá?” Lará rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo ti ṣe ohun tí agbára mi ká. Bóyá ó ti kúrò nílùú, bóyá kò sí láyé mọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Jẹun dáadáa. Àlá ẹni tó lóyún kì í ní orí, kì í ní ìdí, má gbé e sọ́kàn.

Ìyá rẹ,
Fẹ́yìsetán


Halifax
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 2025

Màámi mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ẹrẹ̀ Ọ̀jọ́. Nígbà tí mo ka ibi tí ẹrẹ̀ ti wọ bàtà yín, ó dùn mí, mo sì tún rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ bí ẹ ṣe máa ń nu bàtà yẹn. Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san.

Mo kọ ìwé sí ọ́fíìsì wẹ́fíà l'Ékòó. Obìnrin kan níbẹ̀, Ìyáàfin Àdìjá, pè mí padà. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹni méjì ló ń ṣí i: kí ọmọ wá béèrè, kí ìyá náà sì wá béèrè. Mo ti béèrè tèmi. Mo kọ lẹ́tà kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọn óò fún ìyá tó bí mi bí wọ́n bá wá. Ó ní kí n má fọkàn sí i jù, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mọ̀ pé wọ́n lè wá béèrè rárá. Wọ́n rò pé ọjọ́ tí àwọn tẹ̀ka sí ìwé ni gbogbo rẹ̀ parí.

Mo wọ ẹgbẹ́ kan lórí Fesibúùkù tí àwọn tí wọ́n gbà tọ́ ti ń wá ara ilé wọn. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Maimunat kọ̀wé sí mi pé òun ni ìyá mi. Ọjọ́ méjì ni mo fi ní ìyá ní Badagry. Lọ́jọ́ kẹta ó ní ọmọ tòun ní àmì dúdú lẹ́yìn ọrùn, ó ní kí n wò ó. Tọ́lá wò ó, kò sí. Àwa méjèèjì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ara wa, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí Tọ́lá sọ lálẹ́ àná nígbà tí ó ń fọ abọ́. Ó ní níbi tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà ní Ìbà, ìwé iná ìjọba dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú orúkọ ìyá òun gan-an lórí rẹ̀, gbogbo ilé sì ní àwọn kò mọ onítọ̀hún. Ìyá Tọ́lá ni wọ́n mọ̀. Ó ní, “Ta ló ń pe abiyamọ lórúkọ rẹ̀ ládùúgbò wa? Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń wá obìnrin.”

Màámi, mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Bàbá yẹn ní Ọ̀jọ́, Rùkáyàt kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́ta, nítorí ọmọdé nìkan ni wọ́n ṣì ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ta ló mọ Fẹ́yìsetán ní Okokomáìkò? Ìyá Ìyìn ni gbogbo wọn ń pè yín. Orúkọ wo ni wọ́n sọ mí kí ẹ tó sọ mí ní Ìyìnolúwa? Ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ sọ mí ní nǹkan kan. Ẹ bá mi wo inú àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ yín,
Ìyìn


Halifax
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025

Màámi,

Ẹ kú ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyí tí mo ti ń retí èsì. Lará ní ara yín le, pé ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹ tilẹ̀ bá ẹni tó ń tún gọ́tà ṣe jà. Ìyẹn ni pé bírò yín nìkan ni ara rẹ̀ kò yá.

Kùrukùru bo gbogbo ìlú yìí láàárọ̀, n kò rí ilé tó dojú kọ wa. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń ka gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ jáde, bóyá n óò mọ èyí tí mo ń dáhùn lójú àlá. Mo ka ogójì. Màámi, kí lẹ mọ̀?

Ìyìn


Okokomáìkò
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 2025

Ọmọ mi,

Má bínú pé ó pẹ́. Ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ tí mo fà ya. Èyí, n óò kọ ọ́ dé òpin kí ẹ̀rù tó tún bà mí.

Ìwé kejì wà tí n kò fi hàn ọ́ rí, èyí tí ilé ìtọ́jú náà fún mi. Bámikẹ́ ni ìyá rẹ sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó ń sọ lórúkọ. Ẹni tí yóò gbé ọmọ náà ló ń bẹ̀. Mo gbé ọ, mo kẹ́ ọ, ṣùgbọ́n mo ti orúkọ náà bọ inú àpótí.

Ó ṣẹ́ kù. Lọ́dún 2008 tí o fẹ́ wọ JSS1, mo lọ ra báàgì fún ọ ní Ìyànà Ìbà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rán báàgì ìwé lábẹ́ tapólì. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó bi mí pé kí lorúkọ ọmọ náà, kí òun fi òwú kọ ọ́ sí i lára, pé ọ̀fẹ́ ni. Mo ní Ìyìnolúwa. Ó tẹ orí ba, ó ń kọ ọ́. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ kí i, ó ní, “Ìyá Bámikẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.” Mo wo ojú rẹ̀, Ìyìn. Iwájú orí rẹ ni. Bí o ṣe máa ń fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú tí o bá ń kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe.

Mo bi í léèrè: “Bámikẹ́ dà?” Ó ní, “Ó rìnrìn àjò.” Ó gé òwú náà, ó na báàgì sí mi, ó ní kí ọmọ náà fi kàwé yọrí.

Báàgì yẹn náà lo fi ń kó aṣọ ọmọ rẹ sí. Òun ló rán an. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ tí mo fi rọ́pò tirẹ̀ sí i lára.

Láti ọjọ́ náà, n kò gba apá ibẹ̀ kọjá mọ́. Tí mo bá ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí n tó débẹ̀, màá gba ẹ̀yìn wọlé. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé tí o bá rí i, wàá rí ara rẹ, wàá sì wò mí bí ẹni tó bá ọ gbé ẹrù. N kò bí ọmọ, Ìyìn. Ìwọ ni mo ní. Nígbà tí mo ka àlá rẹ nípa ìmọ́lẹ̀ búlúù, mo ní kí Lará gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi ná, nítorí búlúù ni tapólì yẹn.

Mo lọ sí Ọ̀jọ́ lóòótọ́, mo sì béèrè Rùkáyàt lóòótọ́. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ni mí síbẹ̀, bí o bá fẹ́.
Fẹ́yìsetán


Halifax
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, 2025

Màámi,

N kò kí yín lónìí. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe, mo sì mọ̀ pé ó máa dùn yín.

Mo kó gbogbo aṣọ ọmọ jáde nínú báàgì náà, mo gbé e sórí ikùn mi. Mo fi ìka tọ orúkọ náà láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí. Lẹ́tà tó kẹ́yìn wọ́ díẹ̀. Ṣé ìgbà tí ẹ béèrè Bámikẹ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn?

Inú ń bí mi. Mo kàwé sílé ní gbogbo ọdún yẹn, wọ́n sì wà ní ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí mi. Mo ti fẹ́sẹ̀ gba Ìyànà Ìbà lọ sí lẹ́sìnnì. Bóyá wọ́n ti rí mi tí mo ń kọjá.

Ẹ ń bẹ̀rù pé n óò wò yín bí ẹni tó bá mi gbé ẹrù. Ta ló ń fi ẹ̀yìn gbé ẹrù ẹlẹ́rù fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n? Ìyá mi ni yín. Ìdí tí mo fi lè bínú sí yín báyìí nìyẹn.

Ẹ lọ. Ẹ má rán Lará, ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ìyáàfin Àdìjá ní ẹ má kọ́kọ́ fún wọn ní nọ́mbà mi. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Wọ́n lè ní ilé tí kò mọ̀ nípa mi. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ẹ padà sílé, ẹ sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìyìn


Okokomáìkò
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, 2025

Ìyìnolúwa Bámikẹ́, ọmọ mi,

Èmi ń kí ọ, bí ìwọ kò tilẹ̀ kí mi. Ẹ kú ìretí, ìwọ àti Tọ́lá.

Mo lọ lọ́jọ́bọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ṣì ń rùn bí ìkòkò tuntun. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìbà gan-an, mo ń rìn bí ẹni tó ń sùn, gbogbo ariwo àwọn ọlọ́kadà jìnnà sí mi. Ó ṣì wà níbẹ̀. Tapólì búlúù mìíràn ni, àmọ́ ojú kan náà ni. Pátákó kan wà níwájú báyìí, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: ÌYÁ BÁMIKẸ́, ALÁRÁNBÁÀGÌ.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Bámikẹ́.”

“Ẹ ṣé o, mọ́mì. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ti skúùlù ni àbí ti ọjà?” Kò gbójú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí máṣíìnì. Ó de híjáàbù, ó wọ díńgí ojú.

“Bámikẹ́ dà?”

“Ó rìnrìn àjò.” Wẹ́rẹ́ ló dáhùn, bí ẹni tó ti ń dá a lóhùn lójoojúmọ́.

Mo ní, “Mo mọ ibi tó lọ. Kánádà ni. Ó ní kí n kí yín.”

Máṣíìnì náà dákẹ́. Ó yọ díńgí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́ padà, ó wá wò mí. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni: “Ṣé ó ga?”

Mo ní o ga. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, orúnkún mi kọ̀, òun ló sáré dì mí mú kí n má ṣubú. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó ti dì mí mú: báàgì búlúù, 2008, ọ̀nà ẹ̀yìn tí mo ń gbà. Ó jẹ́ kí n jókòó. Ó padà sídìí máṣíìnì, ó rán etí báàgì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó sọ̀rọ̀.

“Inú ń bí mi o, mọ́mì. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná.”

Mo ní kó bínú, mo ti ń retí rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún.

Nígbà tó yá, ó sọ tirẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ ní Ọ̀jọ́ nígbà tó bí ọ. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ tí kò ní bàbá kò ní wọ ilé òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi sùn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ọ̀gá rẹ̀, lábẹ́ tapólì búlúù, kí ó tó gbé ọ lọ sí Ìbà. Mo sọ àlá rẹ fún un. Ó bo ojú, ó sunkún fún ìgbà pípẹ́, èmi náà sì sunkún.

Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ń jẹ́ Ìyá Bámikẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí Bámikẹ́ rí. Ó ní, “Mi ò mọ kọ́ọ̀tù, mi ò mọ wẹ́fíà. Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n ní ìyá ta ni kí àwọn máa pè mí. Mo ní Ìyá Bámikẹ́, kí wọ́n máa fi pè mí kíkankíkan. Mo rò pé lọ́jọ́ kan ẹni tó gbé e á gba ibí kọjá, á gbọ́.”

Mo ti gbọ́, Ìyìn. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti gbọ́.

Mo béèrè bí o ṣe ní kí n béèrè, bóyá ó fẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, “Nítorí kí wá lẹ rò pé mo ṣe kọ pátákó yẹn síwájú?” Nọ́mbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ó ní kí o pe òun lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bí o bá ti bímọ kí ìwé yìí tó dé, ó ní kí o pè nígbàkígbà. Ìdáhùn nọ́ọ̀sì rẹ náà wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí, ìtọ̀ ṣúgà kò sí, wẹ́rẹ́ ló bí ọ, kò tó wákàtí mẹ́ta. Mọ́kànlá ló dáhùn. Ti bàbá rẹ, ó ní òun fúnra òun ni yóò bá ọ sọ ọ́. Ó tún ní okùn báàgì yẹn á ti gbó, kí o fún ẹni tó bá ń bọ̀ nílé, kí òun pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo dìde, ó bá mi gbé àpò mi, ó sìn mí dé etí títì. Ìyá Sherif, obìnrin tó ń ta ìwé ní ìsọ̀ kejì, rí i pé ojú àwa méjèèjì pọ́n. Ó ní, “Ta ni mọ́mì yìí?”

Rùkáyàt ní, “Ìyá Bámikẹ́ ni wọ́n.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ìwọ wá ńkọ́?”

Ó ní, “Èmi náà ni.”

Ìyá rẹ,
Fẹ́yìsetán